Owó bíìnì ní Íńgíláńdì: èyí tó wà nínú council tax àti èyí tí kò sí níbẹ̀

Ẹni tó ń gbé ní Íńgíláńdì la kọ èyí fún, pàápàá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé àwọn ẹbí. Òfin Scotland, Wales àti Northern Ireland yàtọ̀ níbi púpọ̀. Owó tí káńsù kan ń gbà lórí nǹkan kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti káńsù kejì, nítorí náà iye tó wà nínú òfin gbogboogbò la kọ síbí. Ti àdúgbò yín wà lórí ìkànnì káńsù yín.

Mo ti gba ilé. Ta ló máa mú bíìlì bíìnì, ìyẹn owó kíkó pàǹtí, wá?

Kò sẹ́ni tó máa mú un wá. Ti Èkó ló mọ́ ọ̀pọ̀ wa lára, pé PSP, ilé iṣẹ́ akólẹ̀ aládàáni, ló ń kó ilẹ̀, òun náà ló sì ń mú bíìlì wá. Ní Íńgíláńdì, iṣẹ́ káńsù ni, owó rẹ̀ sì ti wà nínú council tax, owó orí tí káńsù ń gbà lórí ilé. Òfin tó dè wọ́n ni Environmental Protection Act ti 1990, abala 45: káńsù gbọ́dọ̀ kó pàǹtí ilé, kò sì gbọ́dọ̀ gba owó lórí kíkó o, àfi àwọn nǹkan díẹ̀ tí òfin dárúkọ. Àwọn nǹkan díẹ̀ yẹn ló ń kó ìdààmú bá àwọn èèyàn, a ó sì dé orí wọn.

Ẹ má wá ìlà tí wọ́n kọ "bíìnì" sí lórí bíìlì council tax, ẹ ò ní rí i. Orúkọ àwọn tó ń pín owó náà lẹ máa rí: káńsù, ọlọ́pàá, panápaná, àti parish (káńsù kékeré) láwọn ìgbèríko. Níbi tí káńsù méjì bá wà, district ló ń gbé bíìnì lójúlé, county ló ń sanwó ibi tí wọ́n ń da pàǹtí sí tàbí ibi tí wọ́n ti ń sun ún. Tí wọn ò bá gbé bíìnì yín, district lẹ máa pè. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ààtàn tí èèyàn ń gbé ẹrù lọ fúnra rẹ̀, county ni.

Tí pàǹtí mi bá kéré, ṣé owó mi á dín kù?

Rárá. Ẹni tó ń gbé ọ̀rá kan síta àti ẹni tí bíìnì rẹ̀ kún dẹ́nu, iye kan náà ni wọ́n ń san tí ilé wọn bá wà ní ìsọ̀rí (band) kan náà. Òfin kan ní 2008 fún àwọn káńsù díẹ̀ láyè láti dán an wò kí owó máa tẹ̀lé bí pàǹtí ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n Localism Act ti 2011 pa á rẹ́. Tí ẹbí yín bá wà ní Ireland, ẹ má fi tiwọn wé tiyín: ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń kó ti ibẹ̀, wọ́n sì máa ń ka iye ìgbà tí wọ́n gbé bíìnì tàbí kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní kílò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò council tax gan-an?

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 1993 ni owó orí yìí bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni iye tí ilé náà ì bá tà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 1991, wọn kì í wo iye tó ń tà lónìí. Ilé tuntun náà, ìyẹn ni wọ́n fi ń díye lé e. Ìsọ̀rí mẹ́jọ ló wà, láti A dé H. A ni ilé tí iye rẹ̀ nígbà náà kò ju £40,000 lọ; B dé £52,000; C dé £68,000; D dé £88,000; E dé £120,000; F dé £160,000; G dé £320,000; ohun tó bá ju ìyẹn lọ, H ni.

D ni òpó tí wọ́n fi ń ka ìyókù. Ẹ pín owó D sí ọ̀nà mẹ́sàn-án: A ń san mẹ́fà níbẹ̀, B méje, C mẹ́jọ, H méjìdínlógún. Ká ní D jẹ́ £1,800 ní káńsù yín: A á san £1,200, B £1,400, C £1,600, H £3,600. Kì í ṣe iye àwọn tó ń gbé ilé náà ni wọ́n ń wò, bí kò ṣe ilé náà fúnra rẹ̀. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà nínú ilé C kò san ju àgbàlagbà méjì nínú ilé C lọ.

Ọ̀nà mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń pín in sí, láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kìíní. Ẹ lè ní kí wọ́n pín in sí méjìlá, ìyẹn sì rọrùn fún ẹni tó ń gba owó oṣù. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ má kàn bẹ̀rẹ̀ sí í san iye tó wù yín.

Èmi nìkan ni mò ń gbé. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni mo máa san?

Àgbàlagbà méjì ni bíìlì náà kà. Tó bá jẹ́ ẹnì kan péré ló wà nílé, wọ́n á yọ ìdá mẹ́rin kan, ìyẹn 25 nínú 100. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò sí nínú kíkà, nítorí náà ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́ta lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dínwó yìí. Wọn kì í fún èèyàn láìbéèrè. Ẹni tó bá ń dá gbé láti oṣù Kẹsàn-án, tí kò sì sọ, gbogbo owó ni yóò máa san. Tó bá béèrè pẹ́, kó ní kí wọ́n ṣí i padà sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbé, kó sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn.

Físà mi ní kí n má gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ṣé mo lè béèrè ẹ̀dínwó?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, nítorí ìbẹ̀rù ń jẹ́ kí àwọn èèyàn wa fi owó wọn sílẹ̀, àìmọ̀ sì ń jẹ́ kí àwọn míì fi físà wọn tàfàlà.

Ẹ̀dínwó 25 tí ẹni tó ń dá gbé ń gbà, àti ìdásílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò sí lára owó ìrànwọ́ tí físà ń ka léèwọ̀. Ẹ gbà á láìfòyà. Ohun tó jẹ́ èèwọ̀ ni Council Tax Reduction, èyí tí àwọn káńsù kan ń pè ní Council Tax Support. Ti ẹni tówó ń wọlé fún díẹ̀ ni ìyẹn, ìjọba sì kà á mọ́ owó ìrànwọ́. Lójú fọ́ọ̀mù, orúkọ méjèèjì jọra gan-an, wọ́n sì lè wà lójú ewé kan náà. Tí ẹ bá rí i pé fọ́ọ̀mù náà ń béèrè iye tó ń wọlé fún yín àti iye tó wà ní báńkì, ẹ dúró. Ẹ̀dínwó ẹni tó ń dá gbé kì í béèrè owó tó ń wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ńkọ́?

Tó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi gbogbo àkókò kẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló kún ilé náà, wọn ò ní san kọ́bọ̀. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ yunifásítì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí káńsù. Ọkọ tàbí aya akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Bìrìtìkó, tí físà rẹ̀ kò jẹ́ kó gba owó ìrànwọ́, òfin kò kà á mọ́ àwọn tó yẹ kó san. Òṣìṣẹ́ káńsù tó gbé fóònù lè má mọ̀, torí náà ẹ kọ̀wé, kí ẹ so ẹ̀dà físà náà mọ́ ọn.

Ìdásílẹ̀ náà ń parí lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ bá parí, kì í ṣe lọ́jọ́ tí físà bá parí. Ẹni tó bọ́ sórí Graduate visa, físà ẹni tó ti parí yunifásítì, ti di ẹni tó ń san. Tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta bá jọ ń gbé, tí ọ̀kan sì parí, orí ọ̀kan yẹn ni bíìlì bọ́ sí, pẹ̀lú ẹ̀dínwó 25. Ṣùgbọ́n tí méjì nínú wọn bá parí, tí orúkọ àwọn méjèèjì sì wà lórí ìwé ilé, káńsù lè bi èyíkéyìí nínú wọn ní gbogbo owó náà. Kì í ṣe pé ẹni tó san ìdajì tirẹ̀ ti bọ́.

Yàrá kan ni mo yá nínú ilé táwọn míì náà ti yá yàrá.

Tó bá jẹ́ yàrá nìkan ló wà lórí ìwé yín, tí ẹ jọ ń lo ilé ìdáná, onílé ló máa san council tax, kì í ṣe ẹ̀yin. Láti oṣù Kejìlá 2023, irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Íńgíláńdì gbọ́dọ̀ ní ìsọ̀rí kan ṣoṣo. Wọn ò tún lè ka yàrá kọ̀ọ̀kan sí ilé lọ́tọ̀. Tí lẹ́tà bá dé pẹ̀lú orúkọ yín, ẹ má fi pamọ́. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ìyálégbé ránṣẹ́ sí káńsù lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Flat ni mò ń gbé. Kí ló dé tí onílé tún ń gba owó bíìnì nínú service charge, owó ìtọ́jú ilé?

Kì í ṣe kíkó pàǹtí lẹ̀ ń sanwó fún níbẹ̀. Àwọn bíìnì ńlá onílítà 1,100 tó wà nísàlẹ̀ ilé, ẹnì kan ló ń yá wọn tàbí ra wọ́n, ẹnì kan ló sì ń fọ ilé bíìnì. Ẹni tó ra flat ló ń san service charge. Ẹni tó yá a, kó wo ìwé rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ẹnì kan bá ju fóòmù ńlá sí ilé bíìnì, àwọn akólẹ̀ kò ní gbé e. Aláàbójútó ilé á wá ẹni tí yóò gbé e, owó rẹ̀ á sì padà sórí gbogbo flat. Bí service charge ṣe ń wúwo láìsí ẹni tó mọ ìdí nìyẹn.

Kí ni káńsù lè gba owó lé lórí lọ́tọ̀?

Koríko àti ewé ọgbà ni àkọ́kọ́. Owó ọdọọdún ni wọ́n sábà ń gbà, ẹ sì lè ṣàì forúkọ sílẹ̀. Tí ẹ kò bá san, ẹ má fi koríko sínú bíìnì míì. Wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ọn, wọ́n á sì fi í sílẹ̀.

Èkejì ni ẹrù ńlá: ohun tó bá wúwo ju kílò 25 lọ, tàbí tí kò bá wọ inú bíìnì tí wọ́n fún yín. Àga, fóòmù, fìríìjì àti kọ́bọ́ọ̀dù bọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni bíìnì fúnra rẹ̀. Káńsù lè gba owó lórí bíìnì tuntun tàbí èyí tẹ́ ẹ fi rọ́pò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè gba owó lórí gbígbé e. Tí olè bá gbé e, àwọn káńsù kan á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan ò ní fún yín. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ìkólẹ̀ ló fọ́ ọ, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ àti aago, kí ẹ fi ránṣẹ́. Wọn kì í sábà gba owó lórí ìyẹn. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà ilé yín sára bíìnì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbà á.

Àjẹkù oúnjẹ kò sí nínú ohun tí wọ́n lè gba owó lé. Láti 31 oṣù Kẹta 2026 ni òfin ti ní kí káńsù máa kó o lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àyàfi àwọn tí wọ́n sún ọjọ́ síwájú fún. Èèpo iṣu, eegun ẹran, ìrẹsì tó bà, gbogbo rẹ̀ ń wọ bíìnì kékeré yẹn. Òróró tí ẹ fi dín ẹran kì í wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ rọ ọ́ sínú ike, kí ẹ gbé e lọ sí ààtàn káńsù.

Ìdílé wa pọ̀, bíìnì kan kò gbà wá. Ṣé a lè ra èkejì?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó rà á. Bíìnì tí wọn ò fún yín, wọn kì í gbé e. Ọ̀pọ̀ káńsù ń fún ilé tí èèyàn bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà ń gbé ní bíìnì tó tóbi jù, àwọn kan sì ń wo ìlédìí ọmọ mọ́ ọn. Òṣìṣẹ́ káńsù lè wá tú bíìnì yín wò kí wọ́n tó gbà: tí wọ́n bá rí páálí àti ìgò nínú rẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ yà wọ́n sọ́tọ̀ ná. Ìdérí gbọ́dọ̀ padé. Ọ̀rá tí ẹ gbé ka ẹ̀gbẹ́ bíìnì, wọn kì í sábà gbé e.

Fún àgbàlagbà tàbí aláìlera tí kò lè ti bíìnì dé ojú títì, ẹ béèrè assisted collection. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn akólẹ̀ á wọlé wá gbé e.

Kí ló dé tí gbígbé àga tìmùtìmù fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń dènà iná lára aṣọ àti fóòmù àga ni. Láti oṣù Kìíní 2023, àwọn káńsù kò gbọ́dọ̀ bo irú àga bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti jù nù mọ́lẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọ́dọ̀ tún un lò. Sísun ni wọ́n gbọ́dọ̀ sun ún. Wọn ò sì lè kó o pọ̀ mọ́ ẹrù míì. Bíbo pàǹtí mọ́lẹ̀ pàápàá kò pọ́ọ́kú: nígbà tí owó orí rẹ̀ (landfill tax) bẹ̀rẹ̀ ní 1996, £7 ni tọ́ọ̀nù kan, ní oṣù Kẹrin 2025 ó ti di £126.15.

Tí àga náà bá ṣì dára, tí àmì iná rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ìtọrẹ máa ń wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Tí àmì yẹn bá ti já, wọn ò ní gbà á. Ẹ má gé e kúrò láéláé.

Ẹnì kan tó ní van sọ pé òun á gbé gbogbo rẹ̀ ní £30. Ṣé kí n fún un?

Kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ wò ó. Òfin ní kí ẹni tó ń gbé ilé mọ ẹni tó gbé pàǹtí rẹ̀ fún. Tí ọkùnrin yẹn bá lọ da á sẹ́bàá igbó, òṣìṣẹ́ káńsù á tú ọ̀rá náà, á rí àpòòwé tí orúkọ àti àdírẹ́sì yín wà lára rẹ̀, ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n á sì kàn. Ìtanràn ẹni tó ni pàǹtí lè dé £600. Ti ẹni tó dà á lè dé £1,000 lójú ẹsẹ̀. Tó bá dé kóòtù, kò ní gbèdéke. Àlàyé pé "mo ti sanwó fún un" kò gba èèyàn sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe é. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Èyí tó ń gbé pàǹtí ẹlòmíì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CBDU. Ẹ wò ó lórí ìkànnì Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, ọ̀fẹ́ ni, kò sì gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹ rí i pé orúkọ tó jáde bá orúkọ tó sọ mu. Ẹ bi í níbi tó ń gbé e lọ. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì sanwó gba báńkì. Ẹni tó ní káàṣì nìkan lòun ń gbà, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ yọ lẹ́tà gbogbo kúrò nínú pàǹtí náà, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìyẹn nìkan tó.

Mo ń tún ilé ìwẹ̀ ṣe. Ṣé wọ́n lè gba owó lórí táìlì àti búlọ́ọ̀kù tí mo gbé lọ sí ààtàn?

Láti 31 oṣù Kejìlá 2023, káńsù ní Íńgíláńdì kò gbọ́dọ̀ gba owó lórí ìwọ̀n díẹ̀ tó ti inú iṣẹ́ tí ẹni tó ń gbé ilé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe jáde. Ìwọ̀n náà ni ọ̀rá méjì tí kò ju lítà 50 lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí ohun kan tí kò ju mílímítà 2,000 sí 750 sí 700 lọ, ìgbà mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tó bá jẹ́ bíríkìlà lẹ gbà, pàǹtí rẹ̀ ti di ti iṣẹ́ òwò. Ẹ jẹ́ kí kíkó rẹ̀ wà nínú owó iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Mo ń se oúnjẹ tà nínú ilé, mo sì tún ń dirun. Ṣé bíìnì ilé ni mo máa lò?

Pàǹtí òwò kò sí nínú council tax, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé yín ló ti jáde. Páálí adìyẹ àti agolo tòmátò tí ẹ fi se ìrẹsì àríyá fún igba èèyàn, pàǹtí òwò ni. Ẹ bá káńsù tàbí ilé iṣẹ́ akólẹ̀ ṣe àdéhùn. Ọ̀pọ̀ káńsù ń ta ọ̀rá tí wọ́n ti san owó kíkó rẹ̀ mọ́ ọn, èyí sì bá òwò kékeré mu. Ẹ tọ́jú ìwé ìkópàǹtí tí wọ́n bá fún yín. Tí òṣìṣẹ́ káńsù bá béèrè rẹ̀, tí ẹ ò sì rí i mú wá, ìtanràn wà níbẹ̀.

Ṣé wọ́n lè tanràn mi torí pé mo gbé bíìnì jáde lọ́jọ́ tí kò yẹ?

Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn òde Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé ìkìlọ̀. Tó bá ń bá a lọ, wọ́n á kọ̀wé pé àwọn fẹ́ tanràn yín, ẹ ó sì ní ọjọ́ 28 láti fèsì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtanràn tó wà láàárín £60 sí £80 lè dé. Ohun tẹ́ ẹ ṣe sì gbọ́dọ̀ di ìyọlẹ́nu fún àdúgbò. Gbígbàgbé ìdérí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tó bẹ́ẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ní òfin tirẹ̀.

Wọn ò gbé bíìnì wa. Ṣé mo lè yọ ìyẹn kúrò nínú owó?

Ẹ má ṣe é. Owó orí ni, kì í ṣe owó iṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá dín in kù ti di ajẹgbèsè. Ní Birmingham, àwọn akólẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì kíkún ní 11 oṣù Kẹta 2025, pàǹtí kún òpópónà, council tax sì tún gòkè pẹ̀lú 7.49 nínú 100 ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà. Ó dun àwọn èèyàn, ó sì yẹ kó dùn wọ́n, síbẹ̀ gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ san owó náà.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kí ẹ fi tó wọn létí kíákíá, nítorí ọ̀pọ̀ káńsù kò fúnni ju ọjọ́ iṣẹ́ méjì lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ náà sílẹ̀. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìfẹjọ́sùn káńsù. Tí wọ́n bá fún yín ní ìdáhùn ìkẹyìn, tí kò sì tẹ́ yín lọ́rùn, Local Government and Social Care Ombudsman, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí àwọn káńsù, ń gbọ́ ẹjọ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Mi ò rí owó oṣù yìí san.

Ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó pè yín. Tí oṣù kan bá fò, wọ́n á kọ ìránnilétí, ẹ ó sì ní ọjọ́ méje láti san án. Tí ẹ kò bá san án, lẹ́yìn ọjọ́ méje míì, gbogbo owó ọdún tó kù lẹ ó jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìránnilétí méjì ni wọ́n ń kọ lọ́dún kan. Tí ẹ bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á kọ ìwé ìkẹyìn, kò sì ní sí àyè láti san án díẹ̀díẹ̀ mọ́ àfi tí wọ́n bá gbà fún yín. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìpè sí kóòtù májísíréètì, tí owó kóòtù á sì kún gbèsè. Tí kóòtù bá fún wọn láṣẹ, wọ́n lè yọ owó náà nínú owó oṣù yín tàbí kí wọ́n rán bailiff, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti gba gbèsè. Bailiff tó kọ́kọ́ wá lórí council tax kò lè fipá wọlé. Ẹ má ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ bá a sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé, kí ẹ sì pe Citizens Advice, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́jọ́ náà.

Mo fẹ́ kó kúrò.

Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ kúrò fún káńsù, kí ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì tuntun. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò owó náà. Tí ẹ bá ti san kọjá ọjọ́ náà, ẹ béèrè kí wọ́n dá a padà. Ẹ fi bíìnì sílẹ̀ nílé náà, ilé ló ni ín, kì í ṣe ẹni tó ń kó lọ. Ẹ bèèrè ọjọ́ ẹrù ńlá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, torí pé àyè máa ń kún ní òpin oṣù. Ẹrù tí ẹ bá fi sílẹ̀ fún onílé, inú owó ìdúró (deposit) yín ló máa ti yọ owó kíkó rẹ̀.